Púláyà Kan Kò Ṣe Iṣẹ́ Ẹ̀mú Mẹ́ta: Orúkọ àti Yíyan Irinṣẹ́ fún Wáyà Púlọ́ọ̀gì

Ọ̀rọ̀ lórí bí ó ti yẹ kí a máa sọ ohun èlò ìgbàlódé lórúkọ ní èdè Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó di pé àwọn onímọ̀ jókòó láti ṣe àkójọ ọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn ti rí ọkọ̀ tí ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wọ́n sì ti pè é ní ayọ́kẹ́lẹ́; wọ́n ti gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ tí ń mu epo, wọ́n sì ti pè é ní alùpùpù; wọ́n ti rí ọkọ̀ onípákó tí èrò inú rẹ̀ ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n sì ti pè é ní bọ́ọ̀lẹ̀kájà. Wọn kò bi ìgbìmọ̀ kankan léèrè. Ohun tí ó yẹ ní yíyẹ̀wò ni ìdí tí irú orúkọ wọ̀nyí fi dúró lẹ́nu gbogbo ayé, nígbà tí ọ̀pọ̀ èyí tí a fi gègé ṣe kò kúrò lórí ìwé tí a kọ ọ́ sí.

Ibi iṣẹ́ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere ju ibi mìíràn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àwọn onímọ̀ èdè kì í sábà tó o: iṣẹ́ wáyà púlọ́ọ̀gì. Ní Abẹ́òkúta, bí ènìyàn bá kọjá ní Lafẹ́nwá tàbí ní Àṣẹ̀rò, yóò rí àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn tí ń ṣe iná ọkọ̀, tí wọ́n pàtẹ irinṣẹ́ wọn sórí pákó lẹ́bàá ọ̀nà. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan bá ń jáàkì, tí epo rẹ̀ sì ń yára tán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀kan nínú ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò wò ni wáyà tí ń gbé iná lọ sí púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí ó ni ọkọ̀ lè má rí odidi sẹ́ẹ̀tì tí ó bá ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mu rà, pàápàá bí ọkọ̀ náà bá ti pẹ́ láyé. Nígbà náà ni yóò ra wáyà gígùn, yóò ra orí irin àti rọ́bà rẹ̀ lọ́tọ̀, yóò sì jókòó nílé láti gé e kí ó gùn bí ó ti fẹ́. Ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ dojú kọ ọ́ ni pé irinṣẹ́ wo ni yóò lò. Ìbéèrè náà dà bí ti mẹkáníìkì lásán, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ wà lọ́wọ́ èdè ju bí a ti rò lọ.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé ni, ó tọ́ kí a mọ iṣẹ́ tí wáyà náà ń ṣe. Bátìrì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í fúnni ní ju nǹkan bí fóòtì 12 lọ, iná tí kò lè fo àlàfo ẹnu púlọ́ọ̀gì. Kọ́ìlì ni ó ń gba iná yìí tí ó sì ń sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, láti nǹkan bí 15,000 títí dé 30,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iná tí ó ti di alágbára yìí ni wáyà púlọ́ọ̀gì ń gbé. Ó ń gbé e lọ sí ẹnu púlọ́ọ̀gì, níbi tí àlàfo tí ó tó nǹkan bí mílímítà kan péré wà láàrin irin méjì. Iná yóò fo àlàfo náà, ẹ̀ta iná yóò ta, epo àti afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti fún pọ̀ yóò sì gbiná. Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, bí ó bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàrin ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán, púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan yóò ta iná ní ìgbà 1,500 láàrin ìṣẹ́jú náà. Iná tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ kì í fara balẹ̀ sójú kan; ó ń wá ibi tí yóò gbà jáde. Bí rọ́bà tí ó bo wáyà bá sán, yóò fo sí ara ẹ́ńjìnnì. Bí àlàfo kékeré bá wà láàrin inú wáyà àti irin tí a dè mọ́ orí rẹ̀, yóò máa ta níbẹ̀, yóò sì máa jó ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wáyà yóò fi kú. Orí wáyà yìí gan-an ni ibi tí irinṣẹ́ tí a lò ti ń tú àṣírí ara rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, púláyà ni orúkọ gbogbo irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń di nǹkan mú. Èyí tí ń gé wáyà, púláyà ni. Èyí tí ń bó ara wáyà, púláyà ni. Èyí tí ń fún irin mọ́ orí wáyà, púláyà náà ni. Ọ̀gá yóò na ọwọ́ sẹ́yìn láìwẹ̀yìn, yóò ní kí ọmọṣẹ́ fún òun ní púláyà, ọmọṣẹ́ yóò béèrè pé èwo, ọ̀gá yóò ní, "Ẹlẹ́nu yẹn!" Ọmọ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ á mọ èyí tí ọ̀gá ń wí. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé á mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ bà. Kò ní pẹ́ tí òun náà yóò fi gbà pé ọ̀kan náà ni wọ́n, nítorí ẹni tí a fi orúkọ kan ṣoṣo kọ́ ní nǹkan mẹ́ta kò ní rí ìdí tí yóò fi ra mẹ́ta nígbà tí ó bá gba òmìnira. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ń ṣe tirẹ̀ nílé. Ó ti ní púláyà kan nínú àpótí. Kí ni yóò tún ra òmíràn ṣe?

Àbájáde rẹ̀ ni wáyà tí a fi púláyà lásán tẹ̀ lórí. Ẹnu púláyà lásán tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí a bá fi tẹ orí irin, yóò tẹ́ ẹ bí ìgbà tí ọkọ̀ gun agolo mọ́lẹ̀; etí irin náà méjèèjì yóò ya sí ẹ̀gbẹ́, wọn kò ní ká wọ inú. Ojú yóò rí i pé ó ti dì, ọwọ́ yóò fà á kò ní já, ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń gbọ̀n tí ó sì ń gbóná fún ìgbà díẹ̀, yóò tú. Irinṣẹ́ tí a ṣe fún iṣẹ́ náà ní ẹnu tí a gbẹ́. Apá kan rẹ̀ ní kòtò tí orí irin yóò jókòó sí. Ojú apá kejì pín sí méjì, òun ni yóò sì darí etí irin méjèèjì kí wọ́n lè ká sínú, kí wọ́n sì di ara rọ́bà mú ṣinṣin láìgé e. Kì í ṣe dandan kí irinṣẹ́ yìí wọ́n. Oríṣi kan wà tí ó jẹ́ irin kékeré méjì péré, tí a ń kì bọ ẹnu fáìsì, tí a sì ń yí fáìsì pa dé láti fi fún wọn pọ̀. Ẹni tí ó bá ní fáìsì nílé, tàbí tí ó lè tọ wẹ́dà àdúgbò rẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kò nílò ju èyí lọ fún wáyà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Èyí tí ó ní apá gígùn méjì, tí kò ní ṣí ẹnu padà títí a ó fi fún un dé òpin, dára ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ti ẹni tí ń fi iṣẹ́ náà jẹun ni.

Bíbó wáyà ni ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù lọ. Ní àtijọ́, okùn bàbà ni ó sábà máa ń wà nínú wáyà púlọ́ọ̀gì. Bàbà ń gbé iná dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń da rédíò láàmú: ẹni tí ń gbọ́ rédíò nínú ọkọ̀ yóò máa gbọ́ kíkùn kan tí ń yára bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń yára. Nítorí ìdí èyí ni a fi mú okùn òwú tí a ti fi èédú kíkúnná rin dípò bàbà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Okùn yìí kò lágbára rárá. Bí abẹ bá kàn án díẹ̀, ó ti ya, ojú sì lè má rí i. Irinṣẹ́ tí a fi ń bó o gbọ́dọ̀ ní ihò tí a wọ̀n bá ara wáyà, mílímítà 7 tàbí 8 bí ó ti sábà máa ń rí, kí abẹ inú rẹ̀ lè gé rọ́bà kí ó sì dúró kí ó tó kan okùn. Ẹni tí kò ní in lè fi abẹ tuntun ṣe é, bí ó bá rọra yí abẹ náà ká ara wáyà láìtẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀, tí ó sì wá fi ọwọ́ tẹ wáyà kọrọdọ kí rọ́bà lè ya fúnra rẹ̀. Bí nǹkan bí mílímítà 12 sí 15 bá ti hàn síta lára okùn, a ó ká okùn náà padà sẹ́yìn mọ́ ara rọ́bà, orí irin yóò sì bọ́ lé e lórí, kí okùn lè wà láàrin rọ́bà àti irin. Àwọn kan a máa kì í gbọọrọ bọ inú irin bí ẹni tí ń so wáyà bàbà. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́.

Ohun kan tún wà tí kò sí irinṣẹ́ tí ó lè tún un ṣe. Rọ́bà tí yóò bo orí púlọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ ti wà lára wáyà kí a tó fún irin mọ́ ọn. Omi ọṣẹ díẹ̀ yóò sì jẹ́ kí ó yọ̀ wọlé. Ta ni kò tíì gbàgbé èyí rí lẹ́nu iṣẹ́ náà? Yóò fún irin tán, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò gbójú sókè, yóò sì rí rọ́bà lórí tábìlì níbi tí ó gbé e sí.

Ti alùpùpù yàtọ̀ pátápátá, ó sì yẹ kí àwọn tí ń kọ ìwé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú kápù púlọ́ọ̀gì ọ̀pọ̀ alùpùpù, ìṣó oníkíká kékeré kan wà. A ó gé orí wáyà kí ó tẹ́jú, a ó kì í bọ kápù, a ó sì máa yí kápù náà títí ìṣó yóò fi wọ inú okùn bàbà. Kò sí orí irin níbẹ̀, kò sí bíbó, kò sí fífún. Abẹ mímú kan àti ọwọ́ ènìyàn ni gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá jó, a ó gé mílímítà mélòó kan kúrò lórí wáyà, a ó sì tún un yí. Ìdí nìyí tí wáyà olókùn èédú kò fi yẹ ibẹ̀, nítorí ìṣó náà kò ní rí ohun gidi dì mú, yóò kàn fa òwú náà ya ni. Síbẹ̀ ọlọ́kadà lè ra wáyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nítorí pé ó nípọn, tí ó sì rò pé ohun tí ó bá ti nípọn ni ó dára. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. "Wáyà púlọ́ọ̀gì" ni a ń pe méjèèjì. Bí a bá ń sọ pé wáyà oníbàbà àti wáyà eléèédú, yóò béèrè ìyàtọ̀ wọn kí ó tó sanwó.

Àwọn baba ńlá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo irin ilé arọ́. Ẹ̀mú ni alágbẹ̀dẹ fi ń mú irin gbígbóná kúrò nínú iná, ọmọ owú ni ó fi ń lù ú, ewìrì ni ó fi ń fẹ́ná. Ẹ̀mú yìí gan-an ni púláyà: irin ẹlẹ́nu méjì tí a fi ń di ohun tí ọwọ́ kò lè dì mú. Orúkọ ìdílé ti wà nílẹ̀, orúkọ àbísọ ni ó kù. Àbá tí ó bọ́gbọ́n mu jù ni pé kí orúkọ àbísọ náà ti inú iṣẹ́ tí irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe sí wáyà jáde: ẹ̀mú agéwáyà, ẹ̀mú abówáyà, ẹ̀mú afúnmọ́. Gé, bó àti fún, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ọmọdé mọ̀ ni wọ́n. Igi ni à ń gé, ọsàn ni à ń bó, aṣọ tí a fọ̀ ni à ń fún. Kò sí èyí tí ó gba àlàyé.

Abẹ́òkúta kò ṣàjèjì sí irú ìsọlórúkọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin aláàdìrẹ tí Ìtòkú jẹ́ ọjà wọn fi iṣẹ́ méjì sọ aṣọ wọn lórúkọ, dídì àti rírẹ. Wọ́n tún ya àdìrẹ oníko sọ́tọ̀ kúrò lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ, nítorí pé ohun èlò wọn kò jọra: ìko tí a fi ń di aṣọ fún ọ̀kan, ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ya àwòrán fún èkejì. Ọmọbìnrin tí a bá rán níṣẹ́ pé kí ó wá kọ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ ti mọ díẹ̀ nínú ohun tí yóò rà lọ́jà kí ó tó rí olùkọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀rọ tí Henry Townsend gbé wá sí Abẹ́òkúta, èyí tí Ìwé Ìròhìn ti inú rẹ̀ jáde ní 1859. Ọ̀rọ̀ tí ó dúró fún iṣẹ́ náà ní èdè Yorùbá ni títẹ̀, ohun tí ẹ̀rọ náà ń ṣe sí ìwé, ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan sì lè lóye rẹ̀.

Ẹni tí kò bá fara mọ́ àbá yìí lè béèrè pé kí ni ó burú nínú púláyà. Ṣé púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti bátìrì kì í ṣe ọ̀rọ̀ àyálò bí? Àyálò ni wọ́n, kí wọ́n sì máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì kò ní ẹlẹ́gbẹ́ tí a lè ṣì mú dípò rẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo ni ó wá sọ́kàn rìwáyà. Ẹni tí ó bá jókòó tí ó ṣẹ̀dá "ọ̀pá atanná" fún un kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ohun tí yóò rí gbà ni ẹ̀rín. Àyálò tí ń dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tí ó kó nǹkan púpọ̀ mọ́ra láìya ọ̀kan sọ́tọ̀. Àléébù púláyà kì í ṣe pé ó ti òkèèrè wá, bí kò ṣe pé ohun tí ó sọ kò tó. Nínú èdè tí a ti yá a, ọ̀rọ̀ mìíràn máa ń bá a rìn láti fi irú rẹ̀ hàn. Nígbà tí ó sọdá odò wá sọ́dọ̀ wa, ó dá nìkan wá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kù sẹ́yìn. Yíyá orí láìyá ọrùn ni.

Òmíràn lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ jù, pé ọkọ̀ tuntun kò ní wáyà púlọ́ọ̀gì mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí a ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan jókòó lé púlọ́ọ̀gì tirẹ̀ lórí, kò sì sí wáyà gígùn láàrin wọn. Ayé ti kúrò níbi tí ó wà ní 1975, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, tí a sì ń to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, tí ọ̀pọ̀ rìwáyà mọ wáyà 504 àti ti ìjàpá bí ẹni mọ ìlà ọwọ́. Ṣùgbọ́n alùpùpù tí ń gbé èrò lọ sí Ọ̀dẹ̀dá àti Ìmàlà ní wáyà púlọ́ọ̀gì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí alágbàfọ̀ àti onígbàjámọ̀ ń lò ní in. Ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko ní in. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, gígé, bíbó àti fífún kò mọ sí ara púlọ́ọ̀gì. Ẹni tí ń so pánẹ́ẹ̀lì oòrùn mọ́ bátìrì nílé rẹ̀ lónìí nílò irú irinṣẹ́ mẹ́ta yìí, kí ẹnu tiwọn sì bá wáyà tirẹ̀ mu. Orí wáyà tí a fi púláyà lásán tẹ̀ nínú iṣẹ́ oòrùn kì í mú ẹ́ńjìnnì jáàkì. Ó ń gbóná ni, ó sì lè jó ilé.

Àríyànjiyàn kan kù tí ó jẹ́ ti àwọn onímọ̀ èdè fúnra wọn, pé fún ti ní ìtumọ̀ púpọ̀ jù: à ń fún fèrè, à ń fún irúgbìn, a sì ń fún ènìyàn lówó. Èyí kò le. Ọ̀rọ̀ tí ó bá wà láàrin ẹ̀mú àti mọ́ kò lè ṣìnà lọ sí oko.

Irinṣẹ́ kẹrin, mítà, kò ní orúkọ tí ń fa wàhálà, nítorí náà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí ẹni tí ó bá ṣe wáyà tán fi í wọn ìdènà rẹ̀ láti orí dé ìdí. Wáyà eléèédú tí ó pé yóò fi ẹgbẹ̀rún óòmù mélòó kan hàn, èyí tí ó gùn yóò sì ju èyí tí ó kúrú lọ. Bí iye náà bá ń fò sókè sódò nígbà tí a bá mi orí wáyà, a kò fún un dáadáa. Àwọn kan fẹ́ràn kí wọ́n gbé orí wáyà sún mọ́ ara ẹ́ńjìnnì láti wò ó bóyá yóò ta iná. Yàtọ̀ sí pé ó lè gbọn ènìyàn ṣubú, ibi tí bẹntiróòlù ti ń rùn kọ́ ni a ti ń dán ẹ̀ta iná wò. Irinṣẹ́ kan sì wà tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan: bébà alátè tí a kọ nọ́ńbà sí, tí a lẹ̀ mọ́ wáyà kọ̀ọ̀kan. Ẹ́ńjìnnì 504 ń ta iná ní ètò 1-3-4-2, ti ìjàpá sì jẹ́ 1-4-3-2. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wáyà méjì fún ara wọn yóò máa tú kábúrétọ̀ tí kò ṣẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí èdè-ìperí kò kéré. Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, fi hàn pé èdè náà lè gbé ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ ní 1984, tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe ti apá kejì ní 1990, fún olùkọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ní ohun tí wọ́n ń wá. Àmọ́ inú ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ń bá sọ̀rọ̀, bí ó ti tọ́ fún ohun tí a torí rẹ̀ ṣe wọ́n. Ọmọṣẹ́ rìwáyà ní Lafẹ́nwá kò sí níbẹ̀. Yorùbá ni ọ̀gá rẹ̀ fi ń kọ́ ọ láti àárọ̀ di alẹ́, ó sì jẹ́ ohun ìyanu pé ẹni tí ń fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì lójoojúmọ́ ni ìwé sáyẹ́ǹsì Yorùbá kò tíì rántí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìmọ̀ ẹ̀rọ wà ní Abẹ́òkúta láti 1979, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi ń kọ́ni níbẹ̀. Ọ̀nà tí ó wà láàrin rẹ̀ àti àwọn ṣọ́ọ̀bù náà kò jìn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kan àti akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá kan bá jọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí àpótí rìwáyà, tí wọ́n sì ń kọ gbogbo ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ti ẹnu ọ̀gá jáde sílẹ̀, wọn yóò kó ju ohun tí ìgbìmọ̀ kan lè ṣẹ̀dá láàrin ọdún kan lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí wọ́n wá. Ọ̀gá tí ó ní púláyà kan ṣoṣo lẹ́nu fún orúkọ irinṣẹ́ lè ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá fún ohun tí ó ń fi wọ́n ṣe.

Ibì kan tilẹ̀ wà tí àbá yìí fúnra rẹ̀ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹ̀mú afúnmọ́ sọ ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Ẹ̀mú akámọ́ yóò sọ ohun tí irin ń ṣe, nítorí pé etí orí irin ń ká bí ẹní ti ń ká. Púláyà lásán náà lè fún nǹkan, ṣùgbọ́n kò lè ká a. Nípa bẹ́ẹ̀ akámọ́ ya irinṣẹ́ náà sọ́tọ̀ ju afúnmọ́ lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí a gbà á wọlé lójú ẹsẹ̀ ni pé ká mọ́ ti ní iṣẹ́ mìíràn tí ó ń ṣe lẹ́nu ènìyàn, bí ìgbà tí a bá ká olè mọ́ inú ilé, ọmọṣẹ́ sì lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ju kí ó fi í ṣiṣẹ́ lọ. Kì í ṣe orí tábìlì òǹkọ̀wé ni a ó ti yanjú èyí. Kí a to irinṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí pákó ní Lafẹ́nwá, kí a fi iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe han ọmọ méjì tí kò tíì lo oṣù kan lẹ́nu iṣẹ́, láìdárúkọ irinṣẹ́ kankan. Ní ọjọ́ kejì, kí a ní kí ọ̀kan mú ẹ̀mú afúnmọ́ wá, kí èkejì sì mú ẹ̀mú akámọ́ wá, kí a sì wo ẹni tí yóò béèrè pé èwo.